Ta Ló Sọ fún Ọ? Ìtàn Kúrunmí àti Àwọn Tó Sọ Ọ́

Ní Ìjàyè Orílé àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, kò sí ọmọ tí kò gbọ́ orúkọ Kúrunmí rí. Ẹ ní kí ó sọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́, yóò sọ ọ́ wàràwàrà: jagunjagun ni, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni, òun ló ní Àrẹ̀mọ kò gbọdọ̀ jọba lẹ́yìn baba rẹ̀, Ìbàdàn gbógun tì í, àwọn ọmọ rẹ̀ kú sógun, ìlú fọ́. Títí dé ibẹ̀, kò ṣìsọ. Ìbéèrè kejì ni kì í rí ìdáhùn bọ̀rọ̀: ta ló sọ fún ọ? Ẹnìkan á ní òun kà á nílé ìwé. Ẹlòmíràn á ní òun gbọ́ ọ lórí rédíò. Àwọn ọ̀dọ́ á ní ó wà lórí fóònù. Àgbàlagbà á kàn wò yín lójú, á ní, "Ṣé èyí náà tún di ohun tí à ń bèèrè ni?"

Ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ tọ pinpin nínú àròkọ yìí. Kì í ṣe pé mo ní ìtàn tuntun lápò tí mo fẹ́ fi rọ́pò ti àtijọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n pe àwọn tó sọ ìtàn náà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n bi wọ́n pé níbo ni wọ́n dúró sí nígbà tí wọ́n rí ohun tí wọ́n rí, lẹ́nu ta ni wọ́n sì ti gbọ́ èyí tí wọn kò rí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó sì ti pẹ́ tí a ti ń dá ẹjọ́ Ìjàyè láìpe Ìjàyè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹnu wọn ti kò. Àtìbà, Aláàfin tó tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó, wàjà ní 1859. Kí ó tó wàjà, ó ti là á kalẹ̀ pé Àrẹ̀mọ òun, Adélù, ni kó jọba lẹ́yìn òun, bẹ́ẹ̀ àṣà àtijọ́ ni pé Àrẹ̀mọ a máa bá baba rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbà, Kúrunmí kọ̀. Ọ̀rọ̀ ogún obìnrin olówó kan tó ń jẹ́ Àbú, tó kú ní Ìjànnà láìní àrólé, tún da epo sí iná náà. Ní 1860, ogun bẹ́ sílẹ̀. Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, ló kó ogun jáde, Ògúnmọ́lá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbá wá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Kúrunmí kú ní 1861, ogun kò tíì parí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè fọ́.

Ìlú tó fọ́ kì í kọ ìtàn ara rẹ̀. Àwọn tó ríbi sá sá lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí àdúgbò kan ṣì ń jẹ́ Àgọ́ Ìjàyè títí di òní. Àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ di ẹrú. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kò lè máa wá gègé àti tàdáwà. Ohun tó mú kí èyí dunni ni pé Ìjàyè kì í ṣe ìlú tí ìwé kò dé. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dá ibùdó sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1853. Ìwé gírámà àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe jáde ní Washington ní 1858. Adolphus Mann ti ìjọ CMS náà wà ní Ìjàyè lásìkò yẹn. Ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó wọ inú ìwé Bowen, ẹnu àwọn ará Ìjàyè ni wọ́n ti bọ́ sílẹ̀. A gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, a fi ṣe ìwé. Nígbà tó kan ìtàn tiwọn, ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tí n ó pè ni Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, láti 1859, ọdún kan náà tí Àtìbà wàjà. Henry Townsend ti ìjọ CMS ló dá a sílẹ̀. 120 owó ẹyọ ni ẹyọ kan. Òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, nítorí náà ogun Ìjàyè ni ogun ńlá àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá lè kà nípa rẹ̀ ní èdè baba rẹ̀ nígbà tí ìbọn ṣì ń dún. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣáájú ìgbà náà, lẹ́nu alájàpá tó dé láti ọ̀nà tàbí lẹ́nu ìránṣẹ́ ọba ni ènìyàn ti ń gbọ́ ìròyìn ogun.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà dúró sí. Abẹ́òkúta wà nínú ogun. Ọmọkùnrin Abẹ́òkúta ló wà ní ibùdó Ìjàyè, tó ń kó ẹ̀tù àti ọta lọ. Townsend ti ń bá wọn gbé láti ọ̀pọ̀ ọdún, inú rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wọn. Kò fi pa mọ́ nínú ìwé rẹ̀. Freeman tó jẹ́ gómìnà Èkó fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn nítorí ohun tó ń kọ. Èmi kò dá Townsend lẹ́bi pé ó fẹ́ràn àwọn tó ń bá gbé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá ka Ìwé Ìròyìn ní 1861, ojú Ẹ̀gbá ló fi ń wo Ìjàyè. Kó tó di pé Ẹ̀gbá àti Ìjàyè di ọ̀rẹ́ ogun, kí ni Ìjàyè jẹ́ lójú Ẹ̀gbá? Ìlú Ẹ̀gbá Gbágùrá ni, tí àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé wá gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ tí ogun dá sílẹ̀ kì í pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Ẹ wá rékọjá sí Ìbàdàn. David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna wà níbẹ̀ láti 1853. Ìjọ CMS kan náà ló rán wọn níṣẹ́, Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà pẹ̀lú Townsend. Nígbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn, ilé Hinderer wà lára àwọn tí ebi pa. Owó ẹyọ tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ta ẹrù inú ilé kí wọ́n lè jẹun. Anna Hinderer kú ní 1870; wọ́n kó lẹ́tà rẹ̀ jọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1872. Ẹni tó bá kà á yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ogun náà yí padà pátá: Ìbàdàn ni wọ́n sé mọ́lé, Ìbàdàn ni àánú ṣe é. Kò purọ́. Ebi tó pa á, ó pa á ní tòótọ́. Townsend náà kò purọ́ nípa àwọn olóògbé Ẹ̀gbá. Òjíṣẹ́ ìjọ kan náà ni wọ́n, ogun kan náà ni wọ́n sì ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ọ̀kan kò lè mọ̀ pé èkejì wà.

Mo fà á gùn díẹ̀ nítorí àṣìṣe kan tí mo ń gbọ́ lójoojúmọ́. A máa ń rò pé irọ́ ni ọ̀tá ìròyìn, pé bí a bá ti rí olóòótọ́ kan, iṣẹ́ parí. Àwọn méjì yìí jẹ́ olóòótọ́. Ibi tí wọ́n dúró sí ló yàtọ̀, àtẹnu ẹni tí wọ́n ń bá jẹun.

Samuel Johnson ni mo kà sí baba gbogbo wọn. Kò sí ìwé tí a ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ Ìjàyè tí kò gba ilé rẹ̀ kọjá: ìwé ilé ẹ̀kọ́, ètò rédíò, eré orí ìtàgé, títí dé ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Hastings ní Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1846. Ọmọdé ni nígbà tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ dé Ìbàdàn, ilé Hinderer ló sì ti gba ẹ̀kọ́. Nítorí náà, nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀, ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá ni, ó wà ní Ìbàdàn, ó ń rí àwọn ọmọ ogun bí wọ́n ṣe ń jáde àti bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ohun tó rí, Ìbàdàn ló ti rí i. Ebi tó pa á, ebi ilé Hinderer ni.

Lẹ́yìn èyí ó di àlùfáà, ó di ìránṣẹ́ àlàáfíà láàárín àwọn ibùdó ogun nígbà Kírìjì, ó sì wá di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ló ti parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Ta ló wà lórí ìtẹ́ ní Ọ̀yọ́ nígbà náà? Adéyẹmí, ọmọ Àtìbà. Ẹ rò ó wò. Ìdí tí Kúrunmí fi jagun ni pé Àtìbà yí àṣà padà nítorí ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń kọ ìtàn Kúrunmí sì ń gbé nínú ìlú tí ọmọ Àtìbà mìíràn ti ń jọba. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka ibi tó ti ń pe Kúrunmí ní òǹrorò, tó ti ń sọ bí ó ṣe gba àwọn òrìṣà ìlú sọ́wọ́ ara rẹ̀, kó rántí ibi tí tábìlì tí wọ́n ti kọ ọ́ wà.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ jìyà. Johnson fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tí à ń pè ní ọ̀rọ̀ Johnson, ọwọ́ méjì ló kọ ọ́, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta sì ti kọjá láti ìgbà tí Ìjàyè ti fọ́.

Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí pé nínú gbogbo wọn ta ni mo gbẹ́kẹ̀lé jù, Johnson ni n ó mú. Ìdí kan ṣoṣo ni: ó dárúkọ àwọn tó sọ fún un. Ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀. Ó ní David Kukomi, àgbà ìjọ Ìbàdàn, wà lára wọn, àti Josiah Oni tó jẹ́ oníṣòwò, àti Lágúnjú tó ti jẹ Tìmì Ẹdẹ rí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́. Nítorí pé ó dárúkọ wọn ni èmi, ní èyí tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn rẹ̀, fi lè jókòó ní abúlé kí n bèèrè pé: nínú àwọn wọ̀nyí, ta ni ó wà nínú odi Ìjàyè nígbà tí ìyàn mú, nígbà tí ìyá ń fi ọmọ dúró fún oúnjẹ? Ọwọ́ Johnson fúnra rẹ̀ ni mo ti gba ọ̀bẹ tí mo fi ń la ìwé rẹ̀. Ẹni tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni kò ní fún yín ní irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kan wà tí a kì í sábà dárúkọ, ọ̀gágun òyìnbó kan tó ń jẹ́ Jones, tí wọ́n rán wá sí ibùdó Ẹ̀gbá ní Ìjàyè ní 1861 kó wá wo bí wọ́n ṣe ń jà. Àbọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé tí J. F. Adé Àjàyí àti Robert Smith kọ lórí ogun jíjà ní ilẹ̀ Yorùbá, tó jáde ní 1964. Jones fi ojú rẹ̀ rí i, ìròyìn kò sì tó àfojúbà. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń tò, irú ìbọn tí wọ́n ń lò, bí ìró ìbọn ṣe pọ̀ ju òkú lọ. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá. Ó rí ogun bí ẹni tó ń wo ijó láìgbọ́ ìlù: ó lè ka ẹsẹ̀ wọn, kò lè sọ ohun tí wọ́n ń jó sí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń gbọ́ ọ. Eré *Kurunmi* tí Ọlá Rótìmí kọ, wọ́n ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1969, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971. Eré tó dára ni. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó sunkún lórí rẹ̀. Ẹ̀sùn mi sí i kò pọ̀, àmọ́ ó wúwo. Àkọ́kọ́ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọ Ìjàyè ní láti gbọ́ òwe Kúrunmí ní èdè tí Kúrunmí kò gbọ́, kó tó wá máa dá a padà sí Yorùbá lọ́kàn ara rẹ̀. Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù. Eré ìbànújẹ́ nílò ọkùnrin kan, àléébù kan, ìṣubú kan. Rótìmí mú agídí Kúrunmí lórí àṣà, ó fi ṣe òpó ilé. Ọmọ tó bá kà á yóò gbà pé àríyànjiyàn lórí Àrẹ̀mọ ni gbogbo ogun náà.

Bẹ́ẹ̀, Ìbàdàn àti Ìjàyè ti jà rí. Ogun Bátẹdò, ní nǹkan bí 1844, ṣẹlẹ̀ nígbà tí Àtìbà ṣì wà láyé, tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ Adélù. Ìlú ńlá méjì ni wọ́n, tí wọ́n jọ dìde lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ kí àwọn ìlú Òkè-Ògùn máa sìn ín, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ṣọ́ ọ̀nà tí ìbọn ń gbà wọlé láti etí òkun. Àjàyí la èyí sílẹ̀ dáadáa nínú ìwé tí mo dárúkọ lókè. Àṣà wà nínú rẹ̀, èmi kò sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n àṣà nìkan kọ́. Rótìmí kò dẹ́ṣẹ̀ bí ó ṣe mú èyí tó wúlò fún ìtàgé. Àwa tí a ń fi eré dáhùn ìdánwò ìtàn ni kí a bi ara wa léèrè.

Bóyá ẹnìkan á ní, kí ni àǹfààní gbogbo wàhálà yìí? Ogun ti parí, àwọn tó jà á ti kú. Mo fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ jókòó sí kóòtù kan ní Ìbàdàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀. Ní agbègbè wa, ìtàn ni ìwé ilẹ̀. Ìdílé kan á ní baba àwọn ti wà níbẹ̀ kí Kúrunmí tó dé. Èkejì á ní Kúrunmí ló fún baba àwọn. Ẹ̀kẹta á ní nígbà tí ogun parí tí wọ́n padà wálé láti Abẹ́òkúta, àwọn ló kọ́kọ́ ṣán oko náà. Gbogbo wọn ló ń búra, gbogbo wọn ló gbà pé òótọ́ ni àwọn ń sọ, nítorí bí baba wọn ṣe sọ fún wọn nìyẹn. Lójú ọlọ́gbà tuntun tí bírísí ń bọ̀ wá fà lulẹ̀, ìtàn kò ṣe nǹkan àfipìtàn mọ́.

Ní 1957, ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ẹjọ́ kan láti Gold Coast, Kojo ati Bonsie. Wọ́n ní bí ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá tako ara wọn, kí adájọ́ má fi bí ẹlẹ́rìí ṣe dúró tàbí bí ẹnu rẹ̀ ṣe dùn ṣe ìdájọ́, nítorí olóòótọ́ lè gba àṣìṣe lẹ́nu olóòótọ́. Kí ó wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí tí ènìyàn ṣì lè rántí, kí ó wò èwo nínú ìtàn méjèèjì ló bá a mu. Àwọn kóòtù Nàìjíríà ń tẹ̀ lé e títí di òní. Ní èdè oko wa: ta ló ń dáko níbẹ̀? Ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, lọ́wọ́ ta ni? Sàréè ta ló wà lábẹ́ igi náà? Mo fẹ́ràn ìlànà yìí ju ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ lórí ìtàn, nítorí ó gba àwọn àgbà wa gbọ́ pé wọn kò purọ́, síbẹ̀ kò gba ẹnu wọn bẹ́ẹ̀ lásán.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sórí ìròyìn òní. Rédíò ni ó ṣì lágbára jù ní abúlé wa. Àgbẹ̀ á gbé e kọ́ orí igi, á máa kọ ebè. Amúlùdùn FM wà ní Mọ́níyà, lẹ́nu ọ̀nà wa gan-an, Yorùbá ló sì ń sọ. Àwọn ètò tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti ń ka àkọlé ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá pọ̀ ní Ìbàdàn, àwọn ènìyàn sì gbà wọ́n gbọ́ púpọ̀. Ohun kan ló ń kọ mí lóminú nínú wọn: bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ti fi òwe àti àwàdà dì í, ẹni tó ń gbọ́ kì í mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn parí sí àti ibi tí ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn ló ń gbà gbọ́. Síbẹ̀ rédíò ní orúkọ, ó ní ilé, ènìyàn lè rìn lọ síbẹ̀ lọ bá wọn jà.

Fóònù kò ní ilé. Láyé àtijọ́, bí ọba bá rán iṣẹ́ sí ọba, àrokò ló máa ń bá iṣẹ́ náà rìn: owó ẹyọ tí wọ́n sín sókùn, ìyẹ́, tàbí nǹkan mìíràn tí ẹni tó gbà á yóò wò, tí yóò sì mọ ẹni tó rán an àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìránṣẹ́ tó dé láìmú àmì dání, ojú àmí ni wọ́n fi ń wò ó. Iṣẹ́ tó ń dé sórí WhatsApp wa lónìí ń dé láìní àrokò. Wọ́n tilẹ̀ ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé bí àwọn ṣe rí i gbà ni àwọn ṣe fi ránṣẹ́. Ẹni tó kọ bẹ́ẹ̀ ti sọ fún yín lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun kò mọ ẹni tó rán òun. Kí ló dé tí a fi ń ṣílẹ̀kùn fún un?

Ìdáhùn wà, kò sì yẹ kí àwọn tó ń bá ará abúlé wí máa fò ó. Ní oṣù kẹfà 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, obìnrin ló pọ̀ nínú wọn. Ìbẹ̀rù gba ìlú. Àwọn obìnrin kò dá lọ sóko mọ́, àjèjì tó bá yà bèèrè ọ̀nà, ojú tí wọ́n fi ń wò ó kò dára. Ní oṣù keje, àwọn ọlọ́pàá mú afurasí kan. Ní oṣù kẹjọ, ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ díẹ̀ kọjá kí wọ́n tó kéde rẹ̀ fún ará ìlú, kí wọ́n tó tún wá a rí mú. Ní àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, obìnrin tó ń sùn ní abà pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta kò lè dúró de ìkéde. Àhesọ tó ní kí ó tilẹ̀kùn lè jẹ́ irọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, bí ó bá jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti sàn fún un ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Nígbà tí ẹni tó mọ̀ bá pa ẹnu mọ́, ẹni tí kò mọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀. Ìtàn Ìjàyè kò yàtọ̀ sí èyí. Àwọn tó mọ̀ ti kú tàbí wọ́n ti di ẹrú, àwọn aládùúgbò sì bá wọn sọ ọ́.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní ẹ̀gbẹ́ ibí. Sáà tó kọjá, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ogun náà, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó sọ fún wọn sí ìsàlẹ̀ ìwé, àti ẹni tó sọ fún onítọ̀hún bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n. Wọ́n ráhùn. Èyí tó pọ̀ jù kọ "tíṣà" tàbí "fóònù". Àwọn kan fi í sílẹ̀ lófìfo. Ọmọbìnrin kan, tí ìwé rẹ̀ kò kún ojú ewé kan, kọ ọ́ pé nígbà ogun, àwọn ará ilé àwọn jẹ ewé tí ewúrẹ́ kì í jẹ, ọmọ kan nínú wọn sì bá àwọn òyìnbó Onítẹ̀bọmi lọ sí Abẹ́òkúta, kò padà wá. Kò sí orúkọ Kúrunmí níbẹ̀ rárá, kò sí ti Ògúnmọ́lá. Ní ìsàlẹ̀ ó kọ: ìyá màmá mi, òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá bàbá rẹ̀, ní Àgọ́ Ìjàyè.